Kẹ̀kẹ́ Bàbá Hosea àti Iṣẹ́ Tísà ní Hanwa

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kejìlá, 1998

Lẹ́tà Hanwa dé lónìí. Wọ́n ní kí n wá fún íntàfíù iṣẹ́ tísà ìṣirò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní lẹ́sìnnì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kìíní ni. Wọ́n ní kí n múra láti kọ́ kíláàsì kan lójú wọn, ohun tí màá sì kọ́ wọn ni ìrìn, àkókò àti ìyára. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Màámi ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín náà tẹ́rùn tí wọ́n fi rán mi létí Lọ́kọ́ja. Mi ò kúkú gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi Samuel, tó ń gbé ibẹ̀, ti kọ̀wé láti oṣù tó kọjá pé bí n kò bá rí iṣẹ́ gidi kí oṣù kìíní tó parí, kí n kó ẹrù mi máa bọ̀, kí n wá bá Susanna ìyàwó òun tọ́ àwọn ìbejì. Èmi tí mo ka ìṣirò gba NCE. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi lè wọ ilé yẹn, ìlédìí ni màá máa fọ̀ títí wọn ó fi wọ yunifásítì.

Kí oòrùn tó wọ̀, Màámi ti sọ fún gbogbo Muchia, àdúgbò wa. Bàbá Hosea ti gbọ́ ní Dogarawa. Kò sí epo mọ́tò ní Zaria, ṣùgbọ́n òfófó ń rí epo rà.

Ọjọ́rú, 9

Bàbá Hosea gun kẹ̀kẹ́ wọn wá. Wọ́n ní àwọn ni yóò múra mi sílẹ̀ fún íntàfíù. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rẹ́ Dádì ni wọ́n, ará Kàbbà bíi tiwa, olórí ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wa níbí. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, kò sí ohun tí à ń ṣe nínú ilé yìí tí a kì í kọ́kọ́ bi wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe tísà ní praimárì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní ẹ̀yìn nínú pálọ̀, wọ́n ní kí n mú àpótí. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún gbọọrọ, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà nínú àpò rẹ̀.

"Ka táìmùsì méjìlá."

Mo kà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Màámi ń se ìrẹsì ní kíṣìnnì, wọ́n ń bá mi gberin.

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n tún wá. Táìmùsì mẹ́tàlá.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ọyẹ́ ti dé gan-an. Ètè mi ti bẹ́, eruku wà lórí ìwé, ó wà lórí oúnjẹ, ó wà nínú omi mímu. Ìyẹn ò tó, mo tún jà lónìí.

Bàbá ní kí n gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ bí ẹni pé iwájú kíláàsì ni mo wà. Mo rò ó pé tí mo bá fi kẹ̀kẹ́ wọn ṣe àpẹẹrẹ, inú wọn á dùn. Mo ní ká pe Dogarawa sí Muchia ní máìlì mẹ́fà. Bàbá ń bọ̀, ọyẹ́ ń tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ń sáré máìlì méjìlá ní wákàtí kan. Ìgbà tí wọ́n ń padà sílé, ọyẹ́ dojú kọ wọ́n, wọn ò lè ju máìlì mẹ́fà lọ ní wákàtí kan. Tí a bá wá da àlọ àti àbọ̀ pọ̀, máìlì mélòó ni ìpíndọ́gba eré wọn ní wákàtí kan?

Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí. "Méjìlá àti mẹ́fà, méjìdínlógún. Pín in sí méjì. Mẹ́sàn-án. Òmíràn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́jọ ni."

Màámi jáde láti kíṣìnnì tàwọn ti ṣíbí ọbẹ̀. "Rẹ̀mí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màámi, mi ò bú wọn. Ìṣirò ni."

Bàbá fi ọwọ́ ti àwo ìrẹsì sẹ́yìn. Ẹran méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá Samuel. Ọmọ ti kàwé jù wá lọ."

Bàbá Hosea tó fi ẹran sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀. Màámi ń wò mí, ojú wọn ti pọ́n. Mo ronú nípa ẹni tó sin Dádì, ẹni tó dúró tì wá nígbà tí onílé fẹ́ lé wa jáde, mo sì kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mẹ́sàn-án ni. Èmi ni mo ṣì í ṣe." Wọ́n fa àwo wọn padà.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ibòmíràn tí mo ti lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí: mẹ́jọ ni. Mẹ́jọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Suwebat, ọmọ Ìlọrin tí yàrá wọn kan tiwa, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka oṣù lórí ìka. Ó dédé gbójú sókè.

"Rẹ̀mí, ọjọ́ wo ni íntàfíù yín?"

"Mọ́kàndínlógún."

Ó tún kà á. "Ẹ lọ tún un bi wọ́n o. Ó jọ pé ọjọ́ Sallah ni."

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo wá kà á fúnra mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Hanwa, nítorí kò sí ọkọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì ń pe owó bí ẹni tó fẹ́ gbé mi lọ sí Mẹ́kà. Mo rí Ìyáàfin Oyèbọ́lá, tó ni ibi lẹ́sìnnì náà. Ọkọ wọn ń kọ́ni ní yunifásítì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé pé ọjọ́ tí wọ́n mú lè bọ́ sí Sallah.

Wọ́n ní, "Ìyẹn ò kàn wá. Àwa ò gbààwẹ̀."

"Àwọn ọmọ tí màá kọ́ ńkọ́, Mà?"

"Wọ́n á wá. Mo ti pàṣẹ."

Ọmọ wo, nínú gbogbo Zaria yìí, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ni yóò fi ẹran Sallah sílẹ̀ wá jókòó ti ìṣirò? Ọ̀rọ̀ yẹn dé ètè mi. Mo gbé e mì. Ó ti ń mọ́ mi lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Kérésì ti lọ. Bàbá Hosea dìde láàárín gbogbo ará Kàbbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí pé kí ni márùndínlọ́gbọ̀n lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n, kí gbogbo ayé lè rí i pé àwọn ni wọ́n ń kọ́ mi. Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bàbá.

Lẹ́tà Samuel wà nílé nígbà tí a dé. Susanna ti tẹ́ ibùsùn mi sí yàrá àwọn ìbejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kìíní, 1999

Iná ọba ò tíì yọjú láti ọdún tuntun. Kẹrosíìnì tún gbówó lórí. Mo fi ẹ̀yìn pákó àtijọ́ kan ṣe bọ́ọ̀dù, mo ń kọ́ Suwebat ní ìyára àti àkókò. Kí n tó yí padà láti ibi bọ́ọ̀dù, ó ti sùn. Ó ní ààwẹ̀ ni. Mo ní kí ó sọ òtítọ́. Ó ní ààwẹ̀ ni, ìṣirò sì wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́rú, 13

Mo ti lọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú mi, mo ti yá bùláòsì funfun Màámi. Mo rò pé gbogbo nǹkan ti tò. Bàbá Hosea wá wí pé àwọn á tẹ̀ lé mi lọ sí Hanwa.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má dààmú ara yín."

Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin kì í dá wọ ilé onílé lọ tọrọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló mọ̀ ọ́, ta ni wàá nàka sí?"

"Íntàfíù ni, Bàbá. Kì í ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

Màámi wò mí. Mo ní wọ́n ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 18

Wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la ni Sallah. Suwebat rẹ́rìn-ín títí dèbi pé omi tó fẹ́ fi ṣínu dà sí i láyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ọ̀kadà. Gbogbo wọn ń gbé èrò lọ sí ibi ìkírun. Bàbá Hosea dé pẹ̀lú kóòtù, táì, àti agbòòrùn nínú ọyẹ́ níbi tí kò ti sí òjò kankan. Wọ́n nu ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n gùn ún. Mo ní ká máa fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pẹ́ dé ni. Báyìí ni mo ṣe jókòó ẹ̀gbẹ́ kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Muchia dé Hanwa, fáìlì lábẹ́ apá, agbòòrùn lórí itan. Àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ Sallah tuntun ń sá tẹ̀ lé wa, wọ́n ń ké, "Ga amarya!" Ìyàwó tuntun ni wọ́n ń pè mí. Bàbá ń juwọ́ sí wọn. Eruku ti sọ síkẹ́ẹ̀tì mi di pupa kí a tó dé.

Ìyáàfin Oyèbọ́lá wà níbẹ̀, pẹ̀lú Malam Dauda, ọ̀dọ́ tísà ìṣirò láti yunifásítì. Babanriga rẹ̀ ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun dé, ó sì hàn pé ẹran rẹ̀ ń dúró dè é nílé. Àwọn bẹ́ǹṣì tò lọ rẹrẹ. Ọmọ kankan ò sí lórí wọn.

Ìyáàfin jáde lọ wo géètì, wọ́n padà, wọ́n tún jáde. Malam Dauda ní, "Madam, na gaya miki." Ó ti sọ fún wọn náà nìyẹn. Èmi nìkan kọ́.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè ẹnu, mo dáhùn wọn dáadáa, n ò ní parọ́ fún ìwé mi. Ṣùgbọ́n Malam ní òun ò lè gba tísà tí òun ò rí kí ó kọ́ni. Ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá Hosea wà lábẹ́ igi dógóyárò, wọ́n ń gbé ọrùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí à ń sọ.

"Wannan Baba fa?" Bàbá yẹn ńkọ́, ṣé kò lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́?

Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti wọlé. Wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán bí ọmọ praimárì kìíní. Mo kọ ọ̀rọ̀ sójú bọ́ọ̀dù, mo ṣàlàyé. Mo mú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kano ṣe àpẹẹrẹ, bí mo ṣe múra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Bàbá wá nàka sókè.

"Tísà, ẹ ṣe ti kẹ̀kẹ́ fún wa."

Wọ́n fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Èyí ló dùn mí jù. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ṣe é nílé, ibẹ̀ ni n óò ti tàn. Malam Dauda ní kí n ṣe é, òun fẹ́ gbọ́. Mo sọ ọ́, máìlì mẹ́fà, méjìlá ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀.

"Mẹ́sàn-án," ni Bàbá wí. Wọ́n yí sí Malam. "Èmi àti òun ti ṣe é nílé. Òun náà gbà pé mẹ́sàn-án ni."

Malam Dauda fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé mẹ́jọ ni. Ó ń wò mí.

Tí mo bá ní mẹ́sàn-án ni, Lọ́kọ́ja ni mo ń lọ. Tí mo bá ní mẹ́jọ ni, mo ti já Bàbá sí ìhòòhò lójú àjèjì, nínú kóòtù tí wọ́n wọ̀ nítorí mi. Mo kórìíra gbogbo wọn lákòókò yẹn: Samuel, Màámi, Ìyáàfin tó mú ọjọ́ Sallah, àti èmi tí mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́sí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo tún kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí orí mi lè relẹ̀ ju tiwọn lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Máìlì mẹ́fà, ẹ ń sáré méjìlá ní wákàtí kan. Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí ẹ tó dé ilé wa?"

"Ààbọ̀ wákàtí."

"Nígbà tí ẹ ń padà, tí ọyẹ́ dojú kọ yín ńkọ́?"

"Wákàtí kan gbáko. Ọyẹ́ yẹn kì í ṣeré."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àlọ àti àbọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ máìlì mélòó?"

"Méjìlá."

"Wákàtí mélòó lẹ fi rìn ín?"

"Kan àti ààbọ̀."

"Tí ẹ bá wá ń sáré mẹ́sàn-án ní wákàtí kan, ní wákàtí kan àti ààbọ̀, ẹ ó ti rin..."

"Mẹ́tàlá àti ààbọ̀." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ṣùgbọ́n mi ò rin mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Méjìlá ni mo rìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ń ka nǹkan lábẹ́ ètè. Ó pẹ́. Wọ́n wá ní, "Mẹ́jọ," pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Malam Dauda bi mí pé, tí mo bá mọ̀ pé mẹ́jọ ni, kí ló dé tí mo gbà nílé pé mẹ́sàn-án ni. Mo ti múra ìdáhùn oríṣiríṣi sílẹ̀ fún íntàfíù yìí, kò sí èyí nínú wọn. Mo ní, "Wọn ò jẹun mọ́ ni, sà."

Ìyáàfin Oyèbọ́lá fi fáìlì bo ẹnu. Malam ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní wọn á ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá ò gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń padà. Wọ́n ń tì í, mo ń rìn lẹ́yìn wọn. Ní ẹnu ọ̀nà wa wọ́n ní, "Kí ìyá rẹ." Wọn ò wọlé. Iyán tí Màámi gún dè wọ́n tutù sínú abọ́.

Ọjọ́rú, 20

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o ò lè wí pé mẹ́sàn-án ni, kí wọ́n jáde tán, kí o wá yí i padà sí mẹ́jọ?"

Mo fẹ́ bínú. Mo wá rí i pé èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Bàbá Hosea ò tíì wá. Mo ti ń fẹ́ kí wọ́n wá bi mí ní táìmùsì mẹ́tàlá.

Suwebat ní òun rí wọn lówùúrọ̀. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ dé orígun àdúgbò wa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo nǹkan kan tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n lọ. Àná náà, ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wá le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dé àdúgbò wa tí wọn ò lè wọlé. Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Ọjọ́rú, 27

Wọ́n gbà mí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Màámi jó yí ilé po, wọ́n gbá mi mọ́ra, lẹ́yìn náà wọ́n dúró.

"Ta ló máa lọ sọ fún Bàbá Hosea?"

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Dogarawa, ọyẹ́ dojú kọ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá wà níwájú ilé, wọ́n ń fi epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Aago orí tábìlì wọn ni wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ní gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́nu. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti lọ, mo ti bọ̀, láàárọ̀ láàárọ̀," ni wọ́n wí. "Tí mo bá dé igun àdúgbò yín, màá wo aago, màá yí padà. Òótọ́ ni. Àbọ̀ ló ń gba gbogbo àkókò. Èèyàn ò kàn lè dà á pọ̀ kó pín in sí méjì." Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Dìde. Lọ́jọ́ tí mo ti ìrẹsì sẹ́yìn, o mọ̀ pé mẹ́jọ ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O wá ní mẹ́sàn-án ni."

"Ẹ má bínú, sà."

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí." Wọ́n jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. "Ọgbọ̀n ọdún, Rẹ̀mí. Mẹ́sàn-án ni mo kọ́ gbogbo wọn. Bóyá kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀ pé mẹ́jọ ni. Tàbí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn ń wojú mi."

Ó dùn mí gan-an. Mo kàn sọ fún wọn pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé wọ́n á gbà mí, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní lónìí ni màá kọ̀wé sí Samuel pé mi ò wá sí Lọ́kọ́ja mọ́.

"Samuel," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní praimárì kẹfà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Fi ọ̀rọ̀ tèmi náà kún lẹ́tà rẹ."

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí Susanna, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò bá wọn tọ́ àwọn ìbejì, nítorí mo ti ríṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo kọ orúkọ mi tán, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: Bàbá Hosea ní kí n sọ fún yín pé mẹ́jọ ni.